Aṣọ Ìnujú Tó Wà Láàárín Eyín Mi

Bàbá arúgbó kan ló fi ẹ̀ṣẹ́ bà mí lágbọ̀n níbi iṣẹ́, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru ní Rush Green, nílùú òyìnbó níbí. Bàbá náà kò mọ orúkọ ọmọ tó bí mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló fi kan mọ́tò pọ̀ ní Dagenham, ọwọ́ náà sì wúwo bí òòlù. Ilẹ̀ ti mọ́, mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ sílé, mo ní kí n kàn bá a wọ ìbọ̀sẹ̀. Gbòà! Ẹ̀yìn mi ti lu kọ́bọ́ọ̀dù kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún di ẹ̀ṣẹ́ kejì, ó ń pariwo pé olè ni mí, pé bàtà òun ni mo wá jí.

Ẹ gbọ́ o, mo fẹ́ gbá a padà. N kò ní parọ́. Èmi tí ẹ ń wò yìí, bí èèyàn bá gbá mi létí kan, etí méjèèjì ni màá fi san án fún un. Ọwọ́ mi ti ká jọ. Ṣùgbọ́n arúgbó ni, iṣẹ́ sì niṣẹ́. Mo fún eyín pọ̀ títí ó fi dún nínú etí mi, mo gbé ìbínú náà mì, mo sì wọ ìbọ̀sẹ̀ kejì fún un. Mánijà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní ṣebí mo mọ bàbá yẹn, kí n lo oògùn ara ríro. Mo sọ ọ́ nílé, ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ tí gbogbo àdúgbò ń sá fún, arúgbó ló nà ọ́!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu mi kò là dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni màmá mi dé láti Ìjẹ̀bú. Ó wá bá wa tọ́jú ọmọ wa obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìdájí títí di ọ̀sán, èmi ń ṣiṣẹ́ lóru, ojúmọmọ ni mo fi ń sùn. Kí màmá mi tó dé, ńṣe là ń ju ọmọ síra wa bíi bọ́ọ̀lù. Nígbà tó dé, ara tu gbogbo wa. Ó ń pọn ọmọ lọ sí Parsloes Park lọ wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn òyìnbó á sì máa yọrùn wo ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá di àsìkò oúnjẹ, orin ló fi ń bọ́ ọ. Ọmọ náà kò jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Bó bá ti rí ìyá àgbà pẹ̀lú ṣíbí báyìí, á la ẹnu gbàgà bí ọmọ ẹyẹ.

Ìgbà yẹn ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Apá kan ṣoṣo ni, láti abẹ́ etí lọ sí ìdí ahọ́n, bí ẹni pé egungun ẹja há síbẹ̀. Bí mo bá gbé itọ́ mì, omi á lé ròrò sójú mi. Etí náà ń ro mí. Dókítà àdúgbò fi iná wo inú ọ̀fun mi, ó ní ó mọ́ tónítóní, kò wú, kò pọ́n, kí n padà wá tí kò bá lọ. Mo délé, mo gbé ìtọ́jú tiwa kalẹ̀. Mo ń fi eyín fọ́ orógbó, èyí tó le bí òkúta, láàárọ̀, lọ́sàn-án, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo tún ní bóyá egungun ẹja ni lóòótọ́, mo wá ń fi òkèlè ẹ̀bà ńláńlá tì í láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Bí mo ṣe ń jẹ orógbó ni ìrora ń le sí i; bó ṣe ń le sí i ni mo tún ń jẹ orógbó. Ta ni yóò rò ó kan àgbọ̀n? Àgbọ̀n ni wọ́n gbá, ọ̀fun ló ń ké.

Ìrora náà wá sọ mí di ajá dìgbòlugi. Mo ń pariwo mọ́ ọkọ, mo ń pariwo mọ́ fíríìjì. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Heathway, kò sì bẹ̀ mí. Mo gbá a lọ́rùn aṣọ mú, mo tì í mọ́ ògiri, ó kù díẹ̀ kí orí rẹ̀ fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀. Màmá mi tó pọn ọmọ ló ń fa ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àbí èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìẹ rí kò tíì tó ọ?" Ọkùnrin náà sá lọ. Mo fún eyín pọ̀ títí a fi délé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, ọkọ mi tètè dé láti ibi iṣẹ́. Ohun tó rí nìyí, bó ṣe rò ó fún mi nígbà tó yá. Ó ní òun yọjú sí yàrá, òun bá mi níbi tí mo sùn gbalaja sí, tí àgbọ̀n mi ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ń jẹ ṣàkì. Màmá mi tẹ̀ sórí mi, ó ń fi ìka ti nǹkan bọ̀ mí lẹ́nu. Nígbà tó tì í bọ̀ ọ́ tán, àgbọ̀n mi dákẹ́. Ọkọ mi fi ẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọ̀dọ̀ wòlíì ló gbà lọ tààrà.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni tiwa, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Heathway tí wọ́n ti ń ṣe táyà tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n tan tùràrí, ẹ óò ṣì máa gbọ́ òórùn rọ́bà lábẹ́ rẹ̀. Wòlíì bi ọkọ mi pé ìgbà wo ni ọ̀fun ìyàwó rẹ̀ ti ń dùn ún. Ọkọ mi ní ọ̀sẹ̀ tí màmá mi dé ni. Wòlíì mi orí. Ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Kí lẹ tún wá ń bi mí?"

Kíṣìnì ni ọkọ mi ti bá mi, mò ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyàwó mi, màmá rẹ gbọ́dọ̀ máa lọ sílé. Wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ jẹ lójú oorun. Mo fojú mi rí i." Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n màmá tèmi! Màmá tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ tìtorí tiwa! N kò tíì pe ọkọ mi ní "ìwọ" rí láti ìgbà tá a ti fẹ́ra, ọjọ́ yẹn ni mo pè é. Mo ní, "Ìwọ! Ta lò ń pè ní àjẹ́?" Mo la orógùn mọ́ ọn léjìká tòun tẹ̀bà gbígbóná. Ó ké, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó yí i. Mo fi orí kàn án láyà. Tábìlì dojú dé, abọ́ fọ́ yángá, ọmọ tó wà lórí àga rẹ̀ fi igbe ta. Ọkọ mi ní kí n fi òun sílẹ̀, mo ní ó di ọjọ́ tí mo bá kú. Ìgbà tí màmá mi sáré wọlé láti là wá, ìgúnpá ọkọ mi fò sẹ́yìn, ó bà á lẹ́nu. Ètè rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí bùbá rẹ̀.

Gbogbo wa dúró. Màmá mi kò sọkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó gòkè lọ, ó padà wá pẹ̀lú aṣọ ìnujú funfun kan, ó tẹ́ ẹ sórí síńkì níwájú ọkọ mi. Ojú eyín ti lu aṣọ náà jálajàla.

Ó ní, "Ohun tí mò ń fi sí i lẹ́nu nìyẹn. Ó ń payín keke. Tí mo bá wà nísàlẹ̀ níbí, màá máa gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata. Mo ní kí eyín ọmọ mi má baà fọ́."

Ọkọ mi ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

Màmá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Kí n wá bá ọkọ ọmọ mi kí n ní ìyàwó rẹ̀ ń payín keke lójú oorun? Kí lẹ fẹ́ pè é?"

 Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ orúkọ tí wọ́n ń pe obìnrin tó bá ń payín keke tó bá sùn. Orúkọ yẹn ni màmá mi ń fi aṣọ ìnujú dí, kó má baà bà lé mi, òun gan-an ló wá bà lé. Inú mi bà jẹ́ débi pé n kò rí ìbínú mọ́.

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ti wọ ọkùnrin lára, àlàyé kì í tètè yọ ọ́. Ọkọ mi ní ta ló mọ ohun tó wà lára aṣọ ọ̀hún. Ó ní wòlíì fẹ́ gbàdúrà fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Tí nǹkan kan kò bá jáde lọ́fun mi, òun á tọrọ àforíjì, màmá á dúró. Tí nǹkan bá jáde, màmá á bá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Mo gbà. Dókítà ti fi iná wo ọ̀fun mi, mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rò ó pé wọ́n á kígbe lé mi lórí, wọ́n á da òróró sí mi lára, a ó sì lọ sílé lọ jẹun. Màmá mi ní òun náà ń bọ̀, pé bí wọ́n bá máa dá ẹjọ́ òun, kó ṣojú òun. A gbé ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Wọn kò jẹ́ kó wọlé. Wọ́n fi í jókòó sẹ́nu ọ̀nà, nídìí bàtà àwọn èèyàn, wọ́n ní kó má baà dí Ẹ̀mí lọ́wọ́. Wọ́n ní kí èmi kúnlẹ̀. Wòlíì ní, "La ẹnu." Mo là á títí dé ibi tó lè là dé. Ó ní, "Là á dáadáa!" Ó fi àtàǹpàkò tẹ àgbọ̀n mi wálẹ̀, ó ti ìka méjì tó kún fún òróró bọ̀ mí lọ́fun. Èébì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi. Ó fà á yọ, ó wò ó, kò rí nǹkan, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó ń wa inú ọ̀fun mi bí ẹni ń wa ìsàlẹ̀ ìkòkò. Omi ojú mi ń dà. Mo rántí bàbá arúgbó yẹn. Mo rántí pé ìyẹn, ọpọlọ rẹ̀ ló dàrú. Tẹni yìí ńkọ́? Mo bá pa eyín dé mọ́ ìka rẹ̀.

Yéè! Ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú òróró kún mi lẹ́nu. Wòlíì ń fò sókè, n kò tú u sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta rọ́ lù mí. Ọ̀kan di irun mi mú, ọ̀kan gun ẹ̀yìn mi, ẹnì kẹta fi gbogbo agbára fa àgbọ̀n mi wálẹ̀. Mo gbọ́ ìró kan níwájú etí mi, kọ́! Ìrora tó tẹ̀lé e kọjá ọmọ bíbí. Ìka wòlíì bọ́. Ẹnu mi ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì padé mọ́. Mo fẹ́ sọ pé àgbọ̀n mi ni, "áà, áà" ló ń jáde bíi ti ewúrẹ́. Itọ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sára aṣọ funfun mi.

Ẹnì kan kígbe pé, "Ó ti fara hàn! Ẹ má jẹ́ kó lọ!" Ni wọ́n bá fa ọwọ̀ ìgbálẹ̀ yọ. Wọ́n fi ọwọ̀ lù mí lẹ́yìn, wọ́n fi lù mí lórí, wọ́n fi já mi lójú. Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ tọ́ka sí àgbọ̀n mi ni wọ́n ń na ọwọ́ náà. Ọkọ mi ká ọwọ́ lérí, ó ń pe Jésù, kò sì mú ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èyí dùn mí ju ọwọ̀ lọ, mo sì ti sọ ọ́ fún un.

Ni màmá mi bá wọlé tòun ti bàtà. Àwọn obìnrin ń ké pé, "Bàtà! Bàtà!" Kò gbọ́. Ó kọjá láàárín wọn, ó gbé agogo àdúrà tó wà lórí tábìlì, ó fi lu ẹni àkọ́kọ́ tó di ọwọ̀ mú lọ́rùn ọwọ́. Gbàǹgàn! Ó yí padà, ó fi ba wòlíì níwájú orí, ìyẹn jókòó lójijì sáàárín àbẹ́là. Màmá mi, tí n kò rí kó na adìyẹ rí! Ó ní, "Àgbọ̀n ọmọ mi ti yẹ̀! Ẹ̀yin afọ́jú wọ̀nyí, àgbọ̀n rẹ̀ ti yẹ̀!" Ó wá na agogo náà sí ọkọ mi. Ó ní, "Gbé e! Gbé ìyàwó rẹ kí n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ pátápátá!" Ọkọ mi gbé mi sáré jáde láìwọ bàtà.

Nílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan di aṣọ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì, ó gbé wọn lé eyín ẹ̀yìn mi, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Kó! Àgbọ̀n lọ sílé. Mo sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó wo ilà ọwọ̀ lójú mi, ó wo ọkọ mi láti òkè dé ẹsẹ̀ lásán tó gbé wá, ó bi mí pé ta ló nà mí. Mo yíjú sí ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kó làágùn. Nígbà tó làágùn tó, mo ní kì í ṣe òun, mo wá ròyìn bó ṣe jẹ́, títí dórí ọ̀fun.

Ó fi ìka tẹ iwájú etí mi. Ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó tẹ ẹ̀yìn eyín tó kẹ́yìn nínú ẹnu mi, ni ìrora bá fò lọ sí ọ̀fun, sí ibi egungun ẹja yẹn gan-an. Mo pariwo pé, "Ibẹ̀ ni! Òun nìyẹn!" Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gbá mi lágbọ̀n rí, ọ̀rọ̀ bàbá Rush Green bá jáde. Ọkọ mi ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún màmá mi, torí èdè òyìnbó dókítà náà yá ju èyí tí màmá mi lè bá lọ. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní oríkèé tó so àgbọ̀n mọ́ orí ló fara pa. Iwájú etí ló wà. Wọ́n ní iṣan tó ń gbé àgbọ̀n nà dé ọrùn àti ìdí ahọ́n. Bó ṣe ń fún eyín pọ̀ lójú oorun, tó tún ń jẹ orógbó, ńṣe ló ń fìyà jẹ ẹ́ kún un. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń lọ sí ọ̀fun àti etí. Kò sí nǹkan nínú ọ̀fun rárá."

Dókítà bi wá pé ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mò ń payín keke. Mo tọ́ka sí màmá mi, mo sọ ti aṣọ ìnujú. Dókítà ní òun ò ní kí wọ́n máa fi aṣọ sẹ́nu ẹni tó sùn, ó lè há a lọ́fun, wọ́n á ṣe ike eyín fún mi, èyí tí màá máa fi bo eyín bí mo bá fẹ́ sùn. Ó wá rẹ́rìn-ín sí màmá mi, ó ní òun rí i pé ẹni yìí nìkan ló ń ṣọ́ mi. Ọkọ mi la ẹnu láti túmọ̀ èyí. Ó tún pa á dé.

Màmá mi ní, "Kí ló wí?"

Ó ní, "Wọ́n ní… wọ́n ní ẹ ṣeun, Màmá."

Mo gba ike eyín. Wọ́n ní kí n sinmi orógbó àti egungun, kí n máa mu ògì, kí n máa fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n má sì máa ya ẹnu gbàgà tí mo bá ń yán. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrora ọ̀fun ń fi mí sílẹ̀. A kò tún gba ọ̀nà gbọ̀ngàn yẹn mọ́. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá mi ní pálọ̀, ó ń sunkún. Màmá mi ní, "Ẹ dìde, bàbá ọmọ mi. Ó ti tán." Ó dúró. Kò lọ sí Ìjẹ̀bú. Ohun tí mo jà fún ni mo gbà.

Àṣé mo kàn rò bẹ́ẹ̀ ni. Màmá mi ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Á sọ ìkòkò kalẹ̀, á fi ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ bù ú fúnra yín," á sì lọ jókòó sọ́nà jíjìn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bínú. Mo ní, "Mọ́mì, ó tó gẹ́ẹ́!" Ó ní kí ni òun ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo wa wà nídìí ìrẹsì. Ọmọ wa kọjú sí ìyá àgbà rẹ̀, ó la ẹnu gbàgà, ó ń dúró de orin. Màmá mi mú ṣíbí, ó fi í sí ọmọ náà lọ́wọ́. Ó ní, "Fi ọwọ́ ara rẹ jẹ ẹ́, ìyá mi." Ọmọ wo ṣíbí. Ó wo ìyá àgbà. Ó ti ṣíbí bọ ìrẹsì, ó bù ú, ìdajì dà sílẹ̀, ó na ìyókù sí ẹnu ìyá àgbà rẹ̀, ó ní, "Màmá, áà."

Mo ń fún eyín pọ̀ lórí àga mi. Ìrẹsì ń já bọ́ lórí ṣíbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá mi kò la ẹnu. Ojú ọkọ mi ló kọ́kọ́ wò, bí ẹni tó ń tọrọ àyè.